Tápólì Tí Nùréènì Fọ̀

Ilé iṣẹ́ aṣọ tí Nùréènì ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà kógbá sílé, wọ́n sì sọ ọ́ di ibi ìkẹ́rù sí. Láti ìgbà náà ni ọkùnrin yìí ti kọjú sí ògiri. Kò ṣàìsàn o, kò mutí, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn dùbúlẹ̀ ni. Ìrun nìkan ló ń gbé e dìde. Modinat ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ níwájú ilé wọn ní Agége, sunkún títí ẹkún fi sú u. Àwọn aládùúgbò ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Ọ̀lẹ kẹ̀! Ẹni tó fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ dúró ti omi gbígbóná tí wọ́n fi ń fọ aṣọ níbi iṣẹ́? Ẹnu èèyàn ṣáà kì í sinmi.

Ọ̀rọ̀ àgọ́ ló jí i. Oyèbọ́lá, ọmọbìnrin kan láti Ìkẹjà GRA, ló gbé e wá. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fẹsẹ̀ rìn létíkun lápá Ìbẹ̀jù, wọ́n á máa ṣa ọ̀rá àti ike tí òkun bá pọ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì pàgọ́ sun ibẹ̀ mọ́jú. Ẹ má bi mí ohun tó lé wọn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Àgọ́ ọ̀rá tí wọ́n ń rà ní Allen kì í pẹ́ ya, bó bá sì ti ya, òun náà á di ìdọ̀tí létíkun. Èyí ń tì wọ́n lójú. Àgọ́ tí yóò pẹ́ ni wọ́n ń wá, èyí tó ṣeé lẹ̀, tí kò ní ba ilẹ̀ jẹ́ bó bá jẹrà.

Modinat fi tápólì àtijọ́ han Oyèbọ́lá, irú èyí tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀ ńlá, aṣọ òwú tó nípọn, tí wọ́n fi ìda pa lára kí omi má baà ráàyè wọ̀ ọ́. Oyèbọ́lá bu omi sí i, omi yí bọ́ sílẹ̀. Ó ní kó rán mẹ́ta kí àwọn fi dán an wò. Bó bá dáa, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò wá rán tiwọn.

Nùréènì gbọ́ ọ̀rọ̀ aṣọ, ó sì yíjú kúrò lára ògiri. Ó ní aṣọ tó dọ̀tí báyìí kò ṣeé kó fún ọmọlúàbí. Níbi iṣẹ́ wọn, kò sí aṣọ tó ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gba inú omi gbígbóná àti sódà ìfọṣọ. Ó gbé àgbá kaná lẹ́yìnkùlé, ó se tápólì, ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ ń sọ̀rọ̀! Ó ń fi Modinat ṣe yẹ̀yẹ́ pé rírán nìkan ló mọ̀, kò mọ aṣọ. Tápólì tó le gbagidi tẹ́lẹ̀ wá rọ̀ bí ìró, kò dá abẹ́rẹ́ mọ́. Modinat ní ọwọ́ ọkọ òun mà dáa o. Ó tún rí eyín Nùréènì níta. Ta ni yóò ráàyè ronú kan ìda nígbà yẹn?

Modinat rán àgọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Oyèbọ́lá sì kó wọn lọ. Ó padà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun nìkan, pẹ̀lú àgọ́ kan ṣoṣo. Ó kúnlẹ̀ kí Modinat. Ì bá tilẹ̀ pariwo ni, ì bá sàn. Ó ní òjò rọ̀ bá àwọn létíkun, ó sì wọlé bí ẹni pé kò sí nǹkan kan lórí àwọn. Tápólì mu omi, ó wúwo, apá wọn ò ká a lórí iyanrìn. Wọ́n fi méjì sílẹ̀ níbẹ̀.

"Àwa tá a lọ ṣa ìdọ̀tí, mà, àwa la tún da ìdọ̀tí síbẹ̀." Ó ní ẹgbẹ́ ti pinnu, wọ́n ń padà sórí àgọ́ ọ̀rá.

Modinat fọwọ́ pa aṣọ náà. Kò rí ìda kankan níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni Nùréènì ti yọ láti ẹ̀yìnkùlé, omi ń kán ní apá rẹ̀. Ó ń se tápólì tí wọn yóò fi rán ti àwọn yòókù sílẹ̀ ni. Ó béèrè bóyá iṣẹ́ àwọn tẹ́ wọn lọ́rùn. Ó wo àgọ́, ó wo ojú wọn.

"Ìrán mi ni, Bàbá Ishaq," Modinat sọ kíákíá. "Mi ò rán ojú rẹ̀ pa dáadáa, omi gba ibẹ̀ wọlé."

Oyèbọ́lá wò ó. Ó kí wọn, ó lọ.

Nùréènì yẹ ojú ìrán wò títí. Ó fa aṣọ náà bo ẹnu garawa, ó bu omi lé e láàárín, níbi tí abẹ́rẹ́ ò dé. Omi gba inú aṣọ kọjá, ó ń ró nísàlẹ̀ garawa. Ó tún bu òmíràn. Ọ̀kan náà ni.

"Mo ti fọ ìda rẹ̀ dànù," ó ní. "Ìrán rẹ kọ́."

Modinat bẹ̀ ẹ́, ó ní àwọn lè wá ìda mìíràn fi pa á. Nùréènì ṣan sódà kúrò lọ́wọ́, ó kọjá sí yàrá, ó dùbúlẹ̀. Iná ṣì ń jó lábẹ́ àgbá lẹ́yìnkùlé.

Nígbà tí wọ́n pèrun Àlàásárì, Modinat bu omi àlùwàlá, ó gbé e dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó pe ọkọ rẹ̀. Ó tún pè é. Ojú Nùréènì là sílẹ̀, ó ń wo ògiri, kò sì dìde.