Ẹyọ Kan ni Ìyá Rájí

Olúṣọlá, tíṣà tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní èdè Faransé ní Ẹdẹ, ló kọ́kọ́ sọ fún Sìmbíátù pé bí èèyàn bá fẹ́ fi èdè náà sọ pé wọ́n pe obìnrin, tàbí pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún un, ọ̀rọ̀ náà á so àmì obìnrin mọ́ ìdí. Bí wọ́n bá ju ọ̀kan lọ, á tún so àmì ọ̀pọ̀ mọ́ ọn. Ó dùn mọ́ Sìmbíátù nínú. Ó ti pé ọmọ ogójì ọdún kó tó mọ A yàtọ̀ sí B, kò sì sí ẹ̀kọ́ tó kéré lójú rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ aránṣọ kan ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Benin níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ìjọba, fẹ́ gbà á. Wọ́n ní kó kọ̀wé díẹ̀ nípa ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Láti ìgbà tí Rájí ọkọ rẹ̀ ti kú, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ló kù sílé, nítorí náà ó fi Faransé kọ ọ́ pé ẹni à-ń-bọ̀wọ̀-fún ni Ìyá Rájí lágboolé, ó sì so àmì obìnrin àti àmì ọ̀pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Tíṣà fi bírò pupa fagi lé àmì ọ̀pọ̀. Ó bi í pé ìyá ọkọ mélòó ló ní. Sìmbíátù ní ẹyọ kan ni, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣe àgbà bí ẹgbẹ́ òun. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ó ní àfi kí òun kọ́kọ́ gbàyè nílé.

Ìyá Rájí ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́ nígbà tí Sìmbíátù kúnlẹ̀ rò ó fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi dà sílẹ̀.

"Ọlọ́run Ọba ńkọ́, ṣé 'ẹ' lo ń pè é bí o bá ń ṣàdúà? Kọ mí ní ẹyọ kan, ìyàwó mi. Ta ló tiẹ̀ fẹ́ kà á?"

Òṣogbo ni Ìyá rò pé ilé ẹ̀kọ́ náà wà, Sìmbíátù kò sì tíì ní ìgboyà láti sọ òótọ́.

"Àwọn ará Àjàṣẹ́ ni, Ìyá. Màá lo ọdún kan níbẹ̀."

Ọwọ́ Ìyá dúró lórí ẹ̀gúsí. Sìmbíátù yára ní bí wọn kò bá fẹ́, òun kò ní lọ.

"Rájí lọ, kò padà, mi ò kú," ni Ìyá wí. "Ṣé ìwọ tí o máa padà wá ló máa wá pa mí?"

Lọ́jọ́ ìrìn àjò, Ìyá sìn ín dé Sekona, níbi tí mọ́tò ti ń gbé èrò. Mọ́tò dé, Sìmbíátù kò wọlé. Ìyàwó ilé kì í kẹ́yìn sí ìyá ọkọ tó wà lórí ìdúró, Ìyá Rájí sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́wọ́ lé e lórí, wọ́n ṣàdúà. Wọ́n wá tún ìborùn wọn wé, wọ́n kọjú sí ọ̀nà Ẹdẹ, wọ́n sì ń lọ láìwẹ̀yìn.