Iná Inú Àpótí Adélékan

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí iná bá bá ilẹ̀ tútù náà pàdé. Ọ̀rọ̀ Adélékan ni mo fẹ́ sọ. Mo sì fẹ́ rọra sọ ọ́, torí ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé èmi náà.

Ọmọ Pọ́bẹ̀ ni Adélékan, ó sì ní ìsọ̀ kan ní Agblangandan tó ti ń tún rédíò ṣe. Nígbà tí gbogbo Kútọnu bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìròyìn lórí fóònù, tí rédíò kò wọlé mọ́, ó yíjú sí àwọn onígìtá. Gìtá tó bá ń kùn bí oyin, á tú u, á tún wáyà inú rẹ̀ jó pọ̀. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sórí pedáàlì. Àpótí kékeré kan ni pedáàlì, tí wọ́n ń gbé sílẹ̀ níwájú olórin. Wáyà gìtá á wọ̀ ọ́ lápá kan, wáyà òmíràn á ti apá kejì jáde lọ sí ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde. Bí olórin bá fẹsẹ̀ tẹ bọ́tìnnì orí rẹ̀, gìtá tó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ á há, á nípọn, bí ohùn baba tí wọ́n jí lójú oorun. Àwọn tó ń ti òkè òkun wá, owó wọn ga. Adélékan ń fi irin ara kọ̀ǹpútà tó ti kú ṣe àpótí tirẹ̀, ó ń fi nǹkan inú rédíò àtijọ́ dí ikùn rẹ̀. Ó ní òkú rédíò ló mọ orin jù, torí ó ti gbọ́ ọ fún ọgbọ̀n ọdún.

Mẹ́rin ló kọ́kọ́ tà fún àwọn tó ń ta gìtá nílé ọtí, mẹ́ta ní Cadjèhoun, ọ̀kan ní Ekpè. Ẹnikẹ́ni kò ráhùn. Ẹ̀karùn-ún ló bọ́ sọ́wọ́ Ayọ̀ọlá.

Olùkọ́ ni Ayọ̀ọlá, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Mẹ́tìrì. Ìjọ aláṣọ funfun kan náà lèmi àti ẹ̀ ń lọ, ọdún mọ́kànlá ló sì ti ń ta gìtá níbẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tó gbé pedáàlì wá, ó tẹ̀ ẹ́, ara rẹ̀ gbọ̀n rìrì, orin já. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tẹ̀ ẹ́ títí, nǹkan kan kò ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tún fẹsẹ̀ kàn án, ohun kan jù ú sẹ́yìn lu bẹ́ńṣì akọrin, gìtá lọ sọ́tọ̀, òun náà lọ sọ́tọ̀.

Ẹnu ò jẹ́ kó sinmi. Ìyá Adérónkẹ́, olórí àwọn obìnrin tó ń tọ́jú ilé àdúrà, ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀: "Ẹ̀mí kò fẹ́ kí ọwọ́ yẹn kan orin mọ́." Bó sì ṣe jẹ́ pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, tí kì í ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, àwọn kan ti ń ṣírò ọ̀sẹ̀ tí Mẹ́tìrì dẹ́ṣẹ̀ àti èyí tí kò dẹ́ṣẹ̀. Bàbá Olùṣọ́, tó ń ṣàkóso ìjọ, pè é síwájú gbogbo wa, ó ní kó lọ jẹ́wọ́. Bí kò bá jẹ́wọ́, kó má fọwọ́ kan gìtá mọ́. Wọ́n á mú onígìtá mìíràn wá láti Àjàṣẹ́ kí ìkórè tó dé. Kò tán síbẹ̀. Bàbá Tolúlọpẹ́, ọmọbìnrin tí Mẹ́tìrì fẹ́ fẹ́, ránṣẹ́ pé kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ ìdána dúró ná.

Èmi ni mo tẹ̀lé e lọ sí ìsọ̀ Adélékan.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Ayọ̀ọlá wí, "ṣé iná ni àbí ẹ̀ṣẹ̀?"

"Tẹ̀ ẹ́ kí n rí i."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn há, ohùn nípọn. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, nǹkan kan ò ṣe é.

"Àpótí mi ò jẹ̀bi," ni Adélékan wí. "Mẹ́tìrì, ṣé kò sí ọmọ tí o bí sí Kétu tí o ò sọ fún wa?"

"Ẹ má fi mí ṣeré, ẹ̀gbọ́n. Bí mo bá jẹ́wọ́ ohun tí n kò ṣe, irọ́ ni mo pa níwájú pẹpẹ. Bí n kò bá sì jẹ́wọ́, wọ́n á gba gìtá lọ́wọ́ mi, wọ́n á gba ìyàwó mọ́ ọn."

Adélékan kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní òun á wá wo ilé àdúrà wa ní Sátidé. Kò débẹ̀ rí. Ìjọ Àgùdà lòun ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń wọ bàtà tọ pẹpẹ lọ.

Ní Sátidé, àwọn obìnrin ń fọ ilẹ̀ sìmẹ́ńtì de ọjọ́ kejì. Ìyá Adérónkẹ́ fi ìgbálẹ̀ dínà mọ́ wa.

"Bọ́ bàtà ẹ, Bàbá Rédíò. Ilẹ̀ mímọ́ ni."

Adélékan bọ́ sílípáàsì rọ́bà tí kì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó fẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ tútù náà, ó sì dúró sójú kan. Mo rò pé nǹkan gún un.

"Gbogbo yín lẹ máa ń bọ́ ọ?"

"Títí kan Bàbá Olùṣọ́. Àbí o fẹ́ kí wọ́n yọ tìẹ sílẹ̀?"

Ó padà sẹ́yìn, ó tún wọ sílípáàsì rẹ̀. Ìyá Adérónkẹ́ pariwo títí ó fi sú u, ó gbé garawa rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Adélékan ki ṣájà tó ń gbé iná wọ pedáàlì bọ ojú iná ara ògiri, ó fi tẹ́sítà kan irin àpótí náà. Iná kékeré inú tẹ́sítà kò tàn. Ó yọ ṣájà, ó yí i po kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún bọ́ sósì, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Tẹ́sítà pọ́n bí ojú àparò. Ó yára fà á yọ.

Ó wá ṣàlàyé fún wa. Ṣájà náà, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Nínú ṣájà gidi, irin wúwo kan wà tí wọ́n wé wáyà mọ́, òun ló ń ya iná ògiri sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè kàn. Ó yọ irin náà sílẹ̀ kí ṣájà lè fúyẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú gílóòbù iná. Ṣùgbọ́n ta ní í ki ọwọ́ bọ inú gílóòbù? Bí ẹsẹ̀ ṣájà bá wọlé síbí, kò séwu. Bó bá wọlé sọ́hùn-ún, gbogbo ara àpótí di iná. Nínú ìsọ̀, sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ gbogbo wa. Nílé ọtí, bàtà ni. Ilé àdúrà nìkan ni ẹsẹ̀ lásán ti ń kan sìmẹ́ńtì tútù, ibẹ̀ ni iná ti ń gba ara ènìyàn kọjá sínú ilẹ̀.

"Láti ọjọ́ kìíní ni iná ti wà níbẹ̀," ni ó wí. "Etí ni mo fi ń dán iṣẹ́ mi wò. Bó bá ti dún dáadáa, ó ti parí."

Àwa mẹ́ta péré la mọ̀ ọ́n.

"Mo lè fi bátìrì sí i báyìí," ni Adélékan tún wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Kò ní gbé ọ mọ́ láé. Kò sẹ́ni tó máa béèrè."

"Wọ́n á sì ní mo ti jẹ́wọ́ ní kọ̀rọ̀, Ẹ̀mí sì ti dárí jì mí."

"Mẹ́tìrì, bí mo bá sọ ọ́, ta ló máa tún gbé gìtá wá fún mi?"

"Èmi."

Adélékan wo ilẹ̀ títí. Ní abúlé wa, a máa ń sọ pé bí irọ́ bá rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn kì í fẹ́ kí ọjọ́ náà jẹ́ òní. Nígbà tó gbórí sókè, ó ní, "Níbo ni Bàbá Olùṣọ́ yín ń gbé?"

Bàbá wá fúnra rẹ̀. Ó ní kí wọ́n yí ṣájà síbí, kí wọ́n yí i sọ́hùn-ún, ó wo tẹ́sítà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Bàbá, iṣẹ́ ọwọ́ mi ló gbé ọmọ yín," ni Adélékan wí. "Kì í ṣe Ẹ̀mí."

Bàbá mú irùngbọ̀n rẹ̀. "Gbangba la ti kó ọ̀rọ̀ yìí lé e lórí. Gbangba náà la ó ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wá lọ́la."

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Àgùdà ṣe dúró lẹ́sẹ̀ lásán láàárín àwa aláṣọ funfun, tó sọ ohun tó ṣe láìfi ibì kan pamọ́. Ìyá Adérónkẹ́ nìkan ni kò gbà.

"Ṣé Ẹ̀mí kò lè gba inú iná sọ̀rọ̀ ni?"

"Ó lè gbà á," ni Bàbá Olùṣọ́ wí. "Ṣùgbọ́n ti èyí, ọwọ́ Adélékan ló gbà. Mo ní kí Mẹ́tìrì jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Mẹ́tìrì, má bínú. Gbé gìtá ẹ."

Bátìrì ló fi ta á lọ́jọ́ náà. Kó tó di alẹ́, bàbá Tolúlọpẹ́ ti ránṣẹ́ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wá ṣe ìdána.

Ní ọjọ́ Ajé, Adélékan kó bátìrì sínú àpò, ó gun ọ̀kadà tí a ń pè ní zémìjàn lọ sí Cadjèhoun. Àwọn mẹ́ta tó wà níbẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa, wọ́n sì kó ṣájà wọn fún un. Ti Ekpè ló le. Mùíz ló ń jẹ́, kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ bátìrì rárá. Ó ní bátìrì máa ń kú láàárín orin.

"Oṣù mẹ́fà ni mo ti ń lò ó, ọ̀gá pàtírọ́ọ̀. Ta ló kú?"

"Kò tíì sẹ́ni tó kú," ni Adélékan wí. "Ìdí tí mo fi wá lónìí nìyẹn."

Mùíz bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ṣájà náà yọ lára ògiri, ó wé wáyà rẹ̀, ó sì nà án sí Adélékan.