Ọ̀rọ̀ Tó Bá Àlàfo Mu

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé omi ló dànù, agbè ò fọ́, mo lè ju bàtà lù ú. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, mo mọ̀. Ohun tí Yorùbá ń sọ fún obìnrin tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ ni. Ìyá ọkọ mi sọ ọ́ lórí fóònù láti Òṣogbo. Àwọn ìyá ìjọ sọ ọ́. Adédọ̀tun ọkọ mi náà sọ ọ́, tirẹ̀ ló sì dùn mí jù. Ọmọ mi kì í ṣe omi. Mo gbé e títí oyún fi pé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bí i, kò ké. Láti ìgbà náà ni ojú mi ti gbẹ bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Mo fẹ́ sunkún, ẹkún kò wá, mo sì mọ̀ nínú mi pé ó ń dúró de ẹnì kan tí yóò bá mi sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ.

Ọ̀sán Sátidé nìkan ló máa ń fúyẹ́ fún mi díẹ̀, torí Dárasími ń wá kẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ Ìyá Adékẹ́mi ni, àwọn tí wọ́n ń gbé òkè ilé wa ní Maryland, ní Enugu níbí. Ìlú yìí náà ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbọ́ Píjìn, ó ń fi Ìgbò nájà bí ọmọ onílùú, ṣùgbọ́n Yorùbá ẹnu rẹ̀ dà bí ìrẹsì tí kò jinná. Àwọn alàgbà ìjọ wa kò rí ẹlòmíràn, òun ni wọ́n ní kó máa ka ìkéde ní ìsìn Yorùbá. Ni ìyá rẹ̀ bá sáré fà á wá sọ́dọ̀ mi, nítorí mo ti ṣe tíṣà rí kí n tó rí iṣẹ́ ọ́fíìsì ní Independence Layout.

Ní Sátidé tí mò ń sọ yìí, ìkéde òkú ni a ń kọ́. Mo máa ń kọ gbólóhùn sórí pátákó, màá fi àlàfo sílẹ̀ láàárín rẹ̀, òun a sì wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu.

"Má wo àlàfo yẹn nìkan," mo ní. "Wo àwọn tó jókòó tì í. Àgbà ni àbí ọmọdé? Ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀? Aládùúgbò ló mọ ìwà ẹni, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀."

Gbólóhùn kìíní sọ nípa ọba kan, pé gbogbo ọjà ìlú wà ní títì nítorí rẹ̀. Dárasími kọ "kú" sínú àlàfo.

"Ọba kì í kú," mo ní.

"Aunty, but the man don die now!"

"Ó wàjà ni. Ìwọ wo ọjà tí wọ́n tì. Ṣé tìtorí bàbá ẹ ni wọ́n á fi ti gbogbo ọjà?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ìkejì sọ nípa ìyá arúgbó kan tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ yí ibùsùn rẹ̀ ká. Kò pẹ́ tó fi mú "papòdà." Ó ní àwọn ọmọ-ọmọ yẹn ló ta òun lólobó. Inú mi dùn, mo sì kọ́ ọ ní bí a ṣe ń kí àwọn tó kù sílẹ̀. Ẹni tó sin òbí rẹ̀ tó dàgbà, ẹ kú ìnáwó. Ẹni tí alábàágbé rẹ̀ lọ, ẹ kú aráfẹ́rakù.

"Ẹ ti jọ ń gbé, ẹ jọ ń jẹ, ẹ jọ ń sùn," mo ṣàlàyé fún un. "Ó wá lọ. Ara ń wá ara, kò rí i."

Ó tún un sọ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Aunty, tó bá jẹ́ baby ńkọ́?"

Ọmọ náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Gbogbo ilé ló mọ̀. Mo ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Kọ ọ́ sílẹ̀." Ohùn mi le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Kò kọ ọ́. Mo fún un lówó pé kó lọ ra ọkpa wá ní ìta, mọ́ínmọ́ín àwọn ará ibí, kí n lè ráyè mí.

Nígbà tó dé, a jọ jẹ ẹ́.

"Kò burú," mo ní, "ṣùgbọ́n kò tó ti Thinkers Corner. Ibẹ̀ la máa ń yà sí tá a bá ń bọ̀ láti ọsibítù nígbà oyún mi."

"Ẹ̀yin àti Uncle?"

"Uncle ẹ kì í fẹnu kan ọkpa."

Mo dìde, mo kọ gbólóhùn tó kẹ́yìn. Ìbínú ló jẹ́ kí n kọ ọ́, mi ò ní purọ́. Obìnrin kan bímọ, ọmọ náà kò yè, àwọn ará ilé wá kí i, wọ́n ní..., àlàfo wá tẹ̀ lé e. Mo padà jókòó. Dárasími lọ síwájú pátákó, ó wẹ̀yìn wò mí, ó sì kọ ọ́: ẹ kú aráfẹ́rakù.

"O ò gbà á," mo ní. "Mo ti sọ èyí tí wọ́n ń lò fún ẹ. Alábàágbé ni tèyí."

"Ẹ ní kí n wo àwọn tó jókòó tì í."

"Kí lo wá rí?"

"Ẹ ní 'ibẹ̀ la máa ń yà sí.' And Uncle no dey chop ọkpa. Ẹ̀yin àti baby ni." Ó ń wo ilẹ̀ bó ti ń sọ ọ́. "Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jókòó, ẹ ṣì máa ń fọwọ́ gbé ikùn yín, like say person still dey there. Ẹ jọ ń jẹun. Ẹ jọ ń sùn. Aunty, ẹ jọ gbé ni. Kì í ṣe omi."

Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Aunty mi, ẹ kú aráfẹ́rakù."

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kò ní gbà fún un. Wọn kì í kí abiyamọ bẹ́ẹ̀ nítorí ìkókó. Mo fẹ́ sọ fún un, mo la ẹnu, ẹkún ló jáde. Mo sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí Adédọ̀tun fi sáré jáde láti yàrá, tó ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó wo èmi, ó wo pátákó, ó sì ka ohun tó wà lórí rẹ̀.

Dárasími yí orúnkún sọ́dọ̀ ọkọ mi. "Uncle, ẹ̀yin náà, ẹ kú aráfẹ́rakù."

Mo retí pé yóò tún mú ọ̀rọ̀ omi rẹ̀ wá. Ó ní, "O ṣé, ọmọ mi." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, ó fi ojú pamọ́ sínú aṣọ mi, ó sì sunkún. Mi ò mọ̀ pé òun náà ti ń dúró de ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ yìí.