Géèmù Ogun Nílé Gbádérọ̀ ní Bódìjà

Lọ́dún 1986, Adétutù fi géèmù kan ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù sílé àwọn òbí rẹ̀ ní Bódìjà. Ìyá rẹ̀, Láwùmí, ló so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ló sì gbà á ṣe tirẹ̀. Bó bá ti jẹun ọ̀sán tán, á jókòó, á máa yìnbọn lu bàálù ọ̀tá.

Ọkàn Gbádérọ̀, ọkọ rẹ̀, kò balẹ̀. Ó ti gbọ́ lórí rédíò pé ẹni tó bá ń fi ìbọn ṣeré yóò di oníjàgídíjàgan, bẹ́ẹ̀ ìyàwó rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí à ń ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní ìjà. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí òun àti Sìkírátù, aládùúgbò wọn, ti ń fa wàhálà lórí omi gọ́tà. Bàbá wá ń retí ọjọ́ tí yóò lọ fa obìnrin méjì yọ nínú gọ́tà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò rí nǹkan kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, omi Sìkírátù ya wọ àgbàlá wọn. Láwùmí gbá a kúrò, ó ní kò burú. Ẹ̀rù ba Sìkírátù. Ó wá bi Gbádérọ̀ bóyá ara ìyàwó rẹ̀ kò yá. Nígbà tó rí ohun tí Láwùmí ń ṣe, òun náà jókòó tì í, kò sì rántí ilé mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yé Gbádérọ̀ rárá, ló bá ní òun yóò dán an wò fúnra òun. Kó tó mọ bàálù tó jẹ́ tirẹ̀, wọ́n ti yìn ín lulẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún pa á. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó rí Sìkírátù tó ń fi ìborùn bo ẹnu. Ó dìde fùú, ó gbá tẹlifíṣọ̀n létí, ó ní olè ni ẹ̀rọ náà. Ló bá yíjú sí Sìkírátù, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ gọ́tà lákọ̀tun, láti ọdún kìíní.

Láwùmí rọra fà á jókòó.

“Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá Adétutù,” ó ní. “Ìbọn kọ́ ló ń bí yín nínú. Ẹ ò mọ̀ ọ́n yìn ni.”

Ojú ti Gbádérọ̀, ẹ̀rín sì pa á. Àwọn obìnrin méjèèjì jókòó tì í lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ọta. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó yin bàálù kan ṣoṣo lulẹ̀. Ó ké sí ọkọ Sìkírátù látojú fèrèsé pé kó wá wò ó, ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó wọ bàtà, wọ́n ti tún pa á.