Ibi Tí Iye Owó Ìpín Há Sí

Ní Sátidé tí mò ń sọ yìí, aago méje àárọ̀ ni mo ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ní yàrá tí àlejò máa ń sùn sí. Mo tẹ ibi tí wọ́n kọ “Gba iye owó tuntun” sí. Ohun roboto kan ń yí lójú kọ̀ǹpútà, ó ń yí bí ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ó fún mi ní èsì tó ti ń fún mi láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn: “Kò ṣe é ṣe. Ẹ yẹ ìsopọ̀ yín wò.”

Bí ó bá di aago méjìlá ọ̀sán tí iye owó ò tíì wọlé, wọ́n máa gba ohun tí bàbá mi fi síkàáwọ́ mi.

Bàbá wa ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ mẹ́jọ kó tó kú, ó sì fi í sílẹ̀ fún àwa ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Ẹ̀gbọ́n, èmi, àti àbúrò wa obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Èmi ló ní kí n máa bójú tó o. Mo ra ètò kan sínú kọ̀ǹpútà tó ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan, tó sì máa ń lọ bu iye owó ọjà wá fúnra rẹ̀ láràárọ̀. Ní ìparí oṣù, màá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, màá fi ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń ṣe é, n kò fi ọjọ́ kan pẹ́.

Inú Ẹ̀gbọ́n ò fìgbà kan dùn sí i. Ẹnjinníà ni. Ní tèmi, kíláàsì kẹrin ni mo dé ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí owó fi tán, tí wọ́n ní kí ẹni tó dàgbà máa bá ìwé lọ, kí n lọ kọ́ṣẹ́ púlọ́mbà. Ó ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún. Ẹ̀gbọ́n ti gbàgbé. Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Nígbà tó gbọ́ pé iye owó ò yí padà mọ́, kíá ló pè mí lórí fóònù.

“Kọ̀ǹpútà kì í ṣe páìpù,” ló wí. “Kò sí sípánà tó lè tú u. Gbé nǹkan náà fún mi kó tó bàjẹ́ tán.”

Àbúrò wa náà pè. Ohùn tirẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló dùn mí jù. “Bọ̀ọ̀dá, ẹni tí kò mọ iye ohun tó ń tọ́jú, ṣé olùtọ́jú náà nìyẹn? Tó bá di Sátidé tí kò tíì wọlé, Bọ̀ọ̀dá Àgbà ni màá dìbò fún. Ẹ má bínú sí mi.”

Mo bínú sí i. Mo ṣì ń bínú.

Mo ti pe ilé-iṣẹ́ tó ń fún wa ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Obìnrin tó gbé fóònù ní, “Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn.” Mo ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ẹ tún un pa.” Ọjọ́ mẹ́rin la fi ń pa á, tí a ń tàn án, àfi bí ẹni pé iná ìta ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́. Ohun tó sì ń ya mí lẹ́nu ni pé nǹkan míì ń ṣí. Ìròyìn ń ṣí. Lẹ́tà mi ń wọlé. Iye owó nìkan ni kò wọlé.

Ní àárọ̀ Sátidé yẹn, mo ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi sókè. Mo sọ fún ara mi pé: bàbá, iṣẹ́ wo lo mọ̀? Ìyẹn ni kí o ṣe.

Nínú iṣẹ́ wa, bí omi ò bá yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta ni. Ó lè jẹ́ pé kò sí omi nínú táńkì, ó lè jẹ́ pé ẹnu ẹ̀rọ ló bàjẹ́, tàbí kí nǹkan dí láàárín. Ọmọ iṣẹ́ tuntun ló máa ń fọ́ ògiri kó tó ronú. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ fa omi láti ibòmíràn wá, á wò ó bóyá á yọ lẹ́nu ẹ̀rọ.

Mo yọ wáyà tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Mo mú fóònù mi, mo ní kó fún kọ̀ǹpútà ní íńtánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Mo tẹ “Gba iye owó tuntun”.

Ó wọlé. Gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló wọlé, wàràwàrà, bí àwọn ọmọ tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kíláàsì fún.

Igbe tí mo ké ló gbé ìyàwó mi dé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. “Kí ló dé? Ṣé ẹ ṣubú ni?”

“Omi wà nínú táńkì!” ni mo wí. “Ẹnu ẹ̀rọ ò bàjẹ́!”

“Omi wo?”

Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní, “Ọlọ́run ṣeun o. Ẹ kúkú máa lo ti fóònù yẹn, ká sinmi ariwo.”

“Rárá. Páìpù tó ń jò, ẹni tó kàn gbé korobá sábẹ́ rẹ̀ ò tíì tún nǹkan kan ṣe. Inú ilé yìí ni nǹkan dí sí, màá sì rí i.”

Mo dá wáyà náà padà sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, mo wá fi ọwọ́ tọ̀ ọ́, díẹ̀díẹ̀, bí a ṣe ń tọ páìpù nínú òkùnkùn. Inú ihò tó wà lára ògiri ló yẹ kó wọ̀, nítorí èmi ni mo fà á síbẹ̀. Kò wọ ibẹ̀. Ẹ̀yìn wọ́dúróòbù ló gbà lọ. Mo fa wọ́dúróòbù. Àpótí dúdú kékeré kan ló wà nílẹ̀, kò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, iná àwọ̀ ewé kan ń ṣẹ́jú lórí rẹ̀. Wáyà kan ti ara ògiri wọ inú rẹ̀, òmíràn ti inú rẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà mi. Irú àpótí tó ń fún fóònù ní íńtánẹ́ẹ̀tì láìsí wáyà ni, ṣùgbọ́n tèmi funfun, pálọ̀ ló sì wà.

“Kí lèyí?” ni mo bi ìyàwó mi.

“Ẹ̀yin kọ́ lẹ rà á ni?”

“Èmi?”

“Mo máa ń nù ún ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Mo rò pé tiyín ni. Ṣé ẹ̀yin náà ń fẹ́ kéèyàn bi yín léèrè nǹkan nípa kọ̀ǹpútà yìí?”

Orí mi wá là. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ń tún òrùlé ilé Ẹ̀gbọ́n ṣe, ó wá sun ọjọ́ méje lọ́dọ̀ wa, nínú yàrá yìí gan-an. Ó béèrè páásíwọ́ọ̀dù íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi. Mo ní mo ti gbàgbé. Lọ́jọ́ kejì, kò béèrè mọ́. Mo sì ń rí i tó ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù, mo rò pé owó fóònù rẹ̀ ló ń jó. Ní gbogbo ọjọ́ méjèèje yẹn, n kò fẹsẹ̀ kan yàrá náà. N kì í wọ yàrá tí ẹni tí mò ń bínú sí bá ń sùn.

Mo yí àpótí náà padà. Wọ́n kọ bí a ṣe ń wọ inú rẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Mo wọ inú rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà, mo ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Kíláàsì mẹ́rin ò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó ka nǹkan bí èèyàn ò bá kánjú. Mo rí i: “Ẹ̀ṣọ́: ó le jù lọ.” Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ojú ìwé tí a ń ṣí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì àti lẹ́tà nìkan ló gbọ́dọ̀ kọjá. Ètò tèmi kì í gba ẹnu-ọ̀nà yẹn. Ẹnu-ọ̀nà tirẹ̀ ló máa ń gbà lọ mú iye owó wá, ẹ̀ṣọ́ sì ti ń dá a padà láti ọjọ́ yìí.

Mo yọ àpótí náà, mo ki wáyà bọ ara ògiri tààrà. Iye owó wọlé. Ìyàwó mi pàtẹ́wọ́.

Mo wá dá gbogbo rẹ̀ padà bí mo ṣe bá a, mo sì ti wọ́dúróòbù padà sí àyè rẹ̀.

“Kí lẹ tún ń ṣe yẹn?”

“Ó ní ẹni tí mo fẹ́ kó bá mi wò ó.”

“Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, inú yín ò dáa.”

“Ó dáa. Ó kàn jìn ni.”

Aago méjìlá lù, wọ́n dé. Àbúrò wa ti ibi iṣẹ́ wá, bàtà funfun ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbé báàgì aláwọ dání.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́,” ni mo wí, “ká tó dìbò, ẹ bá mi wò ó. Ẹ̀yin lẹ kàwé.”

Inú rẹ̀ dùn. Ó jókòó, ó wọ awò ojú rẹ̀. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tàn án. Ó ka èsì náà sókè, ó mi orí. Ó ní ètò náà ti gbó. Ó tún pa á. Ogójì ìṣẹ́jú kọjá. Òógùn ti mú ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Àbúrò wa ń wo aago.

“Ó ti bàjẹ́,” ni Ẹ̀gbọ́n wí níkẹyìn. “Kò sí ẹni tó lè tún un ṣe. Ẹ jẹ́ ká dìbò.”

“Kò sí ẹni tó lè tún un ṣe?”

“Mo ní kò sí.”

“Àbúrò, ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ̀rín tó wà lójú yín yẹn ń bà mí lẹ́rù.”

Mo fa wọ́dúróòbù.

Ẹ̀gbọ́n tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ó yọ awò ojú, ó tún un wọ̀. “Ha! Àpótí mi rèé! Mo ti bá ìyàwó mi jà lórí nǹkan yìí, mo ní òun ló gbé e sọnù!”

Àbúrò wa bú sẹ́rìn-ín, ó di ògiri mú.

“Ẹ fi nǹkan sí ojú páìpù mi,” ni mo wí, “ẹ tì í pa, ẹ wá ń bi mí pé kí ló dé tí omi ò yọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, Ẹ̀gbọ́n! Ẹ fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi nítorí ohun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe!”

“Ìwọ lo fà á. Mo béèrè páásíwọ́ọ̀dù, o ní o ti gbàgbé.”

“Irọ́ ni mo pa.”

“Mo mọ̀ pé irọ́ ni! Ìdí tí mo fi lọ ra tèmi nìyẹn!”

“Ẹ̀yin àgbààgbà méjì,” ni àbúrò wa wí, ó ń nu ojú. “Ẹ tún un ṣe, mo fẹ́ lọ sùn.”

Mo yọ wáyà, mo fi í bọ ara ògiri tààrà, mo tẹ ibi tó yẹ. Iye owó wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ òní wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Márùn-ún ti gbówó lórí. Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ síwájú, ó kà wọ́n fúnra rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀.

Àbúrò wa na ọwọ́ sókè. “Bọ̀ọ̀dá yìí náà ni kó máa bá a lọ.”

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí mi. “Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?”

“Mo tọ wáyà.”

“O kàn tọ wáyà.”

“Pẹ̀lú ọwọ́ mi yìí.”

Ó mí kanlẹ̀. “Ní yunifásítì, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn. Mi ò tiẹ̀ rántí.” Ọwọ́ òun náà lọ sókè, wúwo, bí ẹni tó ru sìmẹ́ǹtì.

Mo tẹ ìwé oṣù náà jáde. Àbúrò wa kọ ìpinnu wa sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ní ká fọwọ́ sí i. Olùtọ́jú ló kọ́kọ́ ń fọwọ́ sí i, àwọn yòókù á tẹ̀lé e. Mo kọ tèmi, n kò kánjú, mo fi àmì ohùn sí gbogbo ibi tó yẹ àti ibi tí kò yẹ. Mo na bírò sí Ẹ̀gbọ́n. Ó gbà á, ó wá àyè, ó sì fi orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ tèmi.