Gíláàsì Tí Mo Fọwọ́ Kàn

Má-fọwọ́-kàn ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Orúkọ náà kò bí mi nínú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́jú ẹ̀rọ kan ṣoṣo nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, òfin mi kò sì ju méjì lọ. Má fọwọ́ kan ohun tí kò kàn ọ́. Bí o bá sì fọwọ́ kàn án, kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé náà wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Okùn ni mo fi so bírò mọ́ ọn.

Ní ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni yóò lo ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Èmi ni mo tọ́ ọmọ náà láti ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó ti fi ọdún márùn-ún ṣe iṣẹ́ ìwádìí kan, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ kò gba èsì tó rí gbọ́. Ó ní kí ó tún un ṣe lójú òun, àti lójú àlejò kan, obìnrin onímọ̀ tó ti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wá. Bí èsì náà bá jáde, oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ dé nìyẹn. Bí kò bá jáde, wọn yóò ní ohun tí kò sí ni ó rí, yóò sì kó ẹrù rẹ̀.

Iṣẹ́ náà rèé. A ti fi pọ́ǹpù fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ kúrò. Láti òkè, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, èérún iná mànàmáná tí ojú kò lè rí, ń sáré bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò so mọ́ ohunkóhun. Ní ìsàlẹ̀ ni ọ̀pá wúrà kan wà. Bí o bá to ẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn kò ní fẹ̀ tó irun orí kan. Láti ẹ̀gbẹ́, a ń tan ìmọ́lẹ̀ lésà sí ọ̀pá náà, ìmọ́lẹ̀ á sì rọ̀ mọ́ etí wúrà bí oyin ṣe ń rọ̀ mọ́ ẹnu ìgò. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò gbọdọ̀ kan wúrà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò gbà kọjá, kí ó súnmọ́ ọn gan-an. Bí ó ti ń kọjá lọ, ó lè gba agbára lọ́wọ́ ìmọ́lẹ̀, ó sì lè fún un. Ní ẹyọ-ẹyọ ni. Kò sí ìdajì. Nítorí náà, nínú àwòrán agbára wọn, òkè kan ṣoṣo tó máa ń wà láàárín ojú kọ̀ǹpútà yóò bí òkè kéékèèké sí ọ̀tún àti sí òsì, àlàfo wọn yóò sì dọ́gba. Àwọn òkè kéékèèké yẹn ni ọmọ náà rí ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Àwọn ni ọ̀gá rẹ̀ wá wò.

Ọ̀pá wúrà mẹ́rin ni ó ní. Ooru lésà ti yọ́ mẹ́ta. Ó ku ẹyọ kan.

Ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, ọ̀gá jókòó. Àlejò dúró, ó ní òun ti jókòó tó nínú ọkọ̀.

"O lè bẹ̀rẹ̀," ni ọ̀gá wí.

Ọmọ náà tan lésà. Òkè kan yọ láàárín ojú kọ̀ǹpútà. Ó dá dúró bí igi ọ̀pẹ tí iná oko yọ sílẹ̀.

"Àsìkò wọn ni kò tíì bára mu, sà," ó wí. Ó ní bí ìmọ́lẹ̀ bá dé kí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó dé, wọn kò ní pàdé. Ó ń sún jígí kan síwájú, ó ń sún un sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Ogún kọjá. Òkè kan náà ni.

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ńkọ́?" ni ọ̀gá bi í.

"Ó jáde, sà."

"Ó jáde. Oògùn tó jẹ́ lánàá, tí kò jẹ́ lónìí."

Ìgbà yẹn ni mo wo orí tábìlì lésà. Òrùka irin kan wà níbẹ̀ tó gbé gíláàsì pẹlẹbẹ kan ró, ìlà funfun kan sì wà létí gíláàsì náà. Ó yẹ kí ìlà náà kọjú sókè. Ilẹ̀kùn ni ó kọjú sí.

Mo rántí.

Ní ọ̀sán àná, mo rí eruku lára gíláàsì náà. Mo yọ ọ́, mo nù ún, mo dá a padà. Ẹnìkan ké sí mi láti ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù, mo sì lọ dá a lóhùn. N kò kọ ọ́ sínú ìwé. Eruku lásán ni mo pè é. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ṣoṣo ni gíláàsì yẹn ń ṣe: òun ni ó ń yí ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà mì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń mì lọ bọ̀ ní òòró ọ̀pá wúrà, yóò kóra jọ sí i létí. Bí ó bá ń mì ní ìbú rẹ̀, bí ẹni pé wúrà kò sí níbẹ̀ ni.

Mo mọ̀. Mo sì dákẹ́. Ní ọdún tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan yí ìdè kan lára ẹ̀rọ láìkọ ọ́, mo sì gba kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ó bẹ̀ mí. N kò gbọ́.

"Fi kún agbára lésà," ni ọ̀gá wí.

"Wúrà á yọ́, sà. Ẹyọ kan ló kù."

"Bí òkè bá wà, á yọjú kí wúrà tó yọ́. Fi kún un."

Ọmọ náà wò mí. Kò bẹ̀ mí ní ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe wò mí ní ọjọ́ tí a gbé òkú baba rẹ̀ jáde. Ó na ọwọ́ sí lésà.

"Má fọwọ́ kàn án," ni mo wí.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a ti mọ orúkọ yín."

"Èmi ni mo fọwọ́ kàn án. Gíláàsì inú òrùka yẹn. Mo nù ún lánàá, n kò sì dá a padà bó ṣe wà."

Ọ̀gá fa ìwé sọ́dọ̀. Ó ṣí ojú ewé àná, ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ilẹ̀.

"Kò sí níbí."

"N kò kọ ọ́."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi."

Ọmọ náà pa lésà kí wúrà lè sinmi, ó sì dá jígí padà sí nọ́ńbà tí òun fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú.

"Bàbá, ibo ni ìlà yẹn wà tẹ́lẹ̀?"

"Òkè. N kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó tún tan lésà. Ó ń yí òrùka náà díẹ̀díẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Ó tún yí i. Èjìká òkè àárín wú. Lẹ́yìn náà òkè kékeré kan yọ ní ọ̀tún bí eyín ọmọ ọwọ́, òmíràn yọ ní òsì. Ó di méjì-méjì. Ó di mẹ́ta-mẹ́ta. Àlàfo wọn dọ́gba.

"Ó lè jẹ́ ariwo ẹ̀rọ," ni ọ̀gá wí, ṣùgbọ́n ó ti dìde dúró.

Àlejò súnmọ́ tábìlì. "Dá gíláàsì yẹn padà sí ibi tí bàbá fi í sí lánàá."

Ọmọ náà wo ọ̀pá wúrà tó kù. Ó yí òrùka. Àwọn òkè kéékèèké wọlẹ̀.

"Tún un yí."

Wọ́n jáde.

"Lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n wọlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n jáde. Wúrà kò yọ́.

"Ariwo kì í gbọ́ràn báyìí," ni àlejò wí fún ọ̀gá. Ó wá yíjú sí ọmọ náà. "Ìdánwò yìí kò sí nínú ìwé tí o kọ. Fi í sí i." Ó wá jókòó.

Ọ̀gá bu ọwọ́ lùwé pé òun gba èsì náà.

Nígbà tí ọ̀gá àti àlejò ń jáde láti lọ mu omi, mo yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá kúrò lọ́rùn mi, mo sì nà án sí ọ̀gá ní ẹnu ọ̀nà.

"Kí ni kí n fi ṣe?" ó wí.

"Oṣù mẹ́ta."

Ó gbà á.

Mo padà sí ìdí ìwé. Mo kọ ọjọ́ òní. Mo kọ ọ́ pé mo fọwọ́ kan gíláàsì lánàá, n kò sì kọ ọ́. Mo kọ ọ́ pé ó kù díẹ̀ kí n ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́.

Ọmọ náà ti dúró sẹ́yìn mi, ó ń kà á.

"Bàbá, ìwé ẹ̀rọ nìyí. Kì í ṣe ìwé ẹjọ́."

"Mo mọ̀."

"Ta ni yóò máa tọ́jú pọ́ǹpù fún oṣù mẹ́ta?"

"Ìwọ."

"Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè?"

"Oyè kì í di ọwọ́."

Ó gba bírò. Okùn kò gùn tó, ó ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lábẹ́ ohun tí mo kọ, ó kọ ibi tí ìlà funfun yẹn gbọdọ̀ wà, òun àti nọ́ńbà rẹ̀ lára òrùka.