Òkúta Agogo Méje

Obìnrin onígíláàsì ń nu àtẹ́lẹwọ́ kúrò nínú gíláàsì iwájú ọkọ̀ Tísà. Ìka márààrún ló hàn gbangba, wọ́n yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò tí kò fẹ́ kó wọlé. Ó ti nu irú rẹ̀ mẹ́jọ láàárín oṣù méjì. Gbogbo awakọ̀ tó ń gba ọ̀nà afárá láàárọ̀ ló ti kọ́ àṣà náà. Bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá, tí ọ̀nà wá na tàntàn níwájú wọn, wọn á fi ọwọ́ kan wa ọkọ̀, wọn á fi ìkejì ti gíláàsì láti inú. Wọ́n ní bí òkúta bá bà á nígbà náà, kò ní lè fọ́.

Ó ń fọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni. Ihò rẹ̀ kì í tóbi ju orí ìṣó lọ, ibì kan náà ló sì máa ń wà, ní ọ̀gangan ojú awakọ̀ gẹ́lẹ́.

Onígíláàsì kì í ṣe ẹni tó ń gba gbogbo ọ̀rọ̀ gbọ́. Gọ́ọ̀mù ló fi ń dí ihò. Lẹ́yìn náà, á fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mọ́ gaara bo gíláàsì láti ìta, kí òkúta mìíràn tó bá dé lè kọ́kọ́ bá ọ̀rá jà. Iṣẹ́ sùúrù ni. Eruku bíńtín tó bá kó sábẹ́ ọ̀rá ti bà á jẹ́ nìyẹn, gbogbo ohun tí èèyàn fi àárọ̀ ṣe di òfo. Ìdí nìyẹn tó fi da òkúta wẹ́wẹ́ sí gbogbo àgbàlá rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí eruku pọ̀ jù, tí ibẹ̀ sì wá mọ́ tónítóní.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní òdìkejì títì ló kó o láyà jẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, òkúta já gíláàsì tirẹ̀ wọlé, ó sì gba ojú òsì rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni onígíláàsì ti ń bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun fi ọ̀rá bo gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà afárá ni ọkùnrin náà ń gbà lọ síléeṣẹ́ omi lójoojúmọ́, agogo méje òwúrọ̀ géérégé. Ẹ̀rín ló máa ń fi í rín. Á ní òun ò ráyè, á ní òkúta mọ ọkọ onígíláàsì yàtọ̀, á sì kó sínú píkọ́ọ̀pù rẹ̀ onítáyà ràbàtà, ó di ìrọ̀lẹ́.

Ohun tó sì ń bà á lẹ́rù jù ni pé ó jọ òótọ́. Nínú gbogbo ará àdúgbò tó ń gba ọ̀nà náà láàárọ̀, ọkọ rẹ̀ nìkan ni òkúta kò tíì bà. Ó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí. Ṣùgbọ́n ẹnu ò sin lára ẹnikẹ́ni. Ó ti wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan tí gbogbo wọn dákẹ́ wẹ́lo, ó sì gbọ́ bó ṣe ń jáde tí ẹnì kan ní ta ló kúkú ń rí iṣẹ́ ṣe bí gíláàsì bá fọ́. Inú bí i. Nígbà tó wá dùbúlẹ̀, òun náà bi ara rẹ̀ bóyá nǹkan kan wà tó ń ṣiṣẹ́ fún òun láìjẹ́ pé òun rán an.

Tísà jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ó ti fẹ̀yìn tì; òun ló kọ́ onígíláàsì ní ìwé kíkà nígbà tó wà ní kékeré. Ó ní kò sí atẹ́gùn láàárọ̀ yìí, ọ̀nà dá páropáro, kò tiẹ̀ sí ẹyẹ tó ń ké. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti gíláàsì bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe.

"Ó kàn án, ọmọ mi," ló wí. "Bí ẹni kanlẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Òkúta náà ti há sábẹ́ irin tó ń nu òjò kúrò lójú gíláàsì, Tísà sì ti wé e sínú áńkáṣíìfù. Ó tú u fún un. Òkúta kékeré, aláwọ̀ eérú, etí rẹ̀ kan mú. Onígíláàsì gbà á, ó sì bi í ní ohun tó ti ń bi gbogbo wọn, pé ṣé ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ wà níwájú. Tísà mi orí. Kò sẹ́ni tó rí ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ rí lójú ọ̀nà yẹn.

"Ẹ rò ó dáadáa, sà. Kò sí ọkọ̀ kankan?"

"Kò sí. Àfi ọkọ rẹ, èèyàn wa sì nìyẹn, mi ò ka tiẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Ó tiẹ̀ juwọ́ sí mi."

Onígíláàsì fẹ́ gbé òkúta náà sórí bẹ́ńṣì, ó sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ àgbàlá. Ó lóṣòó láti ṣà á. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò mọ èwo ni mọ́ láàárín òkúta àgbàlá rẹ̀.

Ó parí iṣẹ́ Tísà, bó ṣe parí rẹ̀ kò yé e. Wọ́n ní kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé; ó ti ń pa òwe yẹn fún àwọn ẹlòmíràn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé ní agogo mẹ́rin, tó sì wọlé lọ wẹ̀, onígíláàsì mú irin pẹlẹbẹ kan, ó kúnlẹ̀ sídìí táyà ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù. Òkúta wẹ́wẹ́ àgbàlá ló há sí gbogbo ojú ilà táyà náà, wọ́n tò bí eyín. Ó ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbòmíràn, àlàfo ló bá, ojú ibi tí òkúta ti há tẹ́lẹ̀ ṣì hàn. Tí ọkọ rẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá tó sì tẹná, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fò sẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì a sì máa jáde tẹ̀ lé e láràárọ̀. Ìdí tó fi jẹ́ ọ̀gangan ojú èèyàn ni wọ́n ń wá nígbà gbogbo ni kò rí, kò sì fẹ́ rò ó pẹ́.

Ọkọ rẹ̀ jáde pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì lọ́rùn. Ó wo táyà, ó wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì yé e láìsí àlàyé. Ojú rẹ̀ yí padà. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Dà wọ́n nù. Lọ́la a ó da sìmẹ́ńtì sí àgbàlá, ó parí. Ta ló máa mọ̀?"

Ó padà wọlé. Onígíláàsì ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì ré títì kọjá, tó wá dá abọ́ tí onígíláàsì fi gbé oúnjẹ fún un padà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rìn, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀, nítorí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ojú kan díwọ̀n ọ̀nà. Ó dúpẹ́ oúnjẹ, ó dúpẹ́ gíláàsì tí wọ́n bá a tún ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní bí kì í bá ṣe tiwọn, òun ò mọ bí òun ì bá ti ṣe é.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń wá nídìí táyà?"

Ọkọ rẹ̀ wúkọ́ láti ojú fèrèsé. Onígíláàsì dìde. Ó lè sọ pé ìṣó ni òun ń wò, nọ́ọ̀sì á sì gbà á gbọ́. Gbígbà tó máa gbà á gbọ́ yẹn ni kò lè fara dà. Ó ṣí ọwọ́.

"Àwa ni," ló wí. "Ọ̀dọ̀ wa ló ti ń wá."

Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí kò tíì yé e. Lẹ́yìn náà ló rọra yí orí, kí ojú ọ̀tún lè rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa.